Orin tí ìjọba ò fẹ́ gbọ́: ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Ògúndé àti ìjọba Western Region, 1964 sí 1966

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ orin Yorùbá Ronú. A ti gbọ́ ọ lórí rédíò, a ti gbọ́ ọ níbi ìnáwó àwọn àgbà, àwọn kan fi ń ṣe status, tí ìbò bá sì ti ń sún mọ́lé báyìí ẹ ó kàn máa gbọ́ ọ káàkiri ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi èèyàn pé kí ni wọ́n fi ẹni tó kọ orin yẹn ṣe, ohun tí ọ̀pọ̀ máa sọ ò ní ju pé "inú bí ìjọba sí i" lọ. Inú bí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ju ìbínú lọ. Lọ́dún 1964, ìjọba Western Region fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé, wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi lórí ilẹ̀ tí àwọn ń ṣàkóso, kì í ṣe eré Yorùbá Ronú tí orin yẹn ti wá nìkan o, eré gbogbo, òfin yẹn sì wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún 1966. Òmìnira ò tíì pé ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ wa nígbà tí wọ́n ṣe é. Òyìnbó ti kẹ́rù ẹ̀ lọ, ọmọ Yorùbá ló wà lórí àga n'Ìbàdàn, ọmọ Yorùbá náà ló sì fòfin de ọmọ Yorùbá torí pé ó ní kí Yorùbá ronú. Látìgbà tá a ti gbòmìnira, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìjọba Nàìjíríà máa di oníṣẹ́ ọnà lẹ́nu báyẹn.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ orin tó ń bá ìjọba wí ní Nàìjíríà, orí Fela ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Fela tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ọdún mẹ́tàlá kí sójà tó dáná sun Kalakuta, ilé Fela, ní February 18, 1977 ni ọ̀rọ̀ Ògúndé ti ṣẹlẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé ló sì fi ṣe é, láàárín àwọn èèyàn ẹ̀, níṣojú àwọn tó ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, torí orin yẹn ò lè yéni láìmọ ohun tójú àwọn èèyàn ti rí kó tó jáde. Action Group, ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ, ló ń ṣèjọba Western Region. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó lẹ́yìn ìbò 1959 tó sì di olórí àwọn alátakò níbẹ̀, Akíntọ́lá tó jẹ́ igbákejì ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ló gba ipò prẹ́míà, ìyẹn olórí ìjọba Western Region, n'Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí àárín wọn fi dàrú. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ dá dúró kó máa bá àwọn tó ń ṣèjọba àpapọ̀ fà á, Akíntọ́lá ní kí ló dé tá ò ní bá wọn da nǹkan pọ̀ kí Yorùbá náà lè rí tiwọn nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ní Jos lóṣù kejì 1962, ó ti hàn sí gbogbo ayé pé ilé ti pín. Lóṣù karùn-ún, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí tó jẹ́ gómìnà nígbà yẹn yọ Akíntọ́lá nípò, wọ́n fi Adégbẹnró sípò ẹ̀, Akíntọ́lá ní òun ò lọ síbì kankan. Ní May 25, àwọn aṣòfin tá a dìbò fún, àwọn àgbà tó dé fìlà tó wọ agbádá, gbé àga sókè nílé ìgbìmọ̀ n'Ìbàdàn, wọ́n ń là á mọ́ra wọn, pọ́lísì wọlé, wọ́n yin tíá-gáàsì. Ọjọ́ kẹrin ẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, wọ́n rán Dókítà Májẹ̀kódùnmí wá láti wá máa ṣàkóso. Nígbà tí pàjáwìrì parí, January 1963, Akíntọ́lá ni wọ́n tún gbé padà sórí àga, kò sẹ́ni tó dìbò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, wọ́n ti gé Midwest kúrò lára Western Region, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, kọ́ọ̀tù rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba dé.

Gbogbo ìyẹn láàárín ọdún kan ààbọ̀ péré. Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú nìkan o, ó wọnú ilé. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ọdún pọ̀ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n ò jẹun nílé àbúrò, wọ́n ń wojú ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí láti mọ ẹni tó wà níbo. Ẹni tó bá bá àwọn àgbà tó wà láyé nígbà yẹn sọ̀rọ̀ á mọ ohun tí mò ń wí.

Ògúndé kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ nígbà yẹn. Ọ̀sọsà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí i ní 1916. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe pọ́lísì, kó tó wá fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ pé eré lòun fẹ́ máa fi jẹun, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí láyé ìgbà yẹn máa kà sí ìṣìnà gidi ni. Lọ́dún 1945 táwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, tí Michael Imoudu wà níwájú wọn, Ògúndé gbé eré jáde lórí ẹ̀, Strike and Hunger ló pè é, ìjọba òyìnbó sì dá a dúró ní Jos. Nígbà tí pọ́lísì yìnbọn mọ́ àwọn tó ń wa èédú ní Iva Valley, Enugu, lóṣù kọkànlá 1949, tí èèyàn mọ́kànlélógún kú, ó tún gbé eré jáde lórí ìyẹn náà, Bread and Bullet, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣe é ní Kano. Nítorí náà ó ti mọ bí ọwọ́ ìjọba ṣe máa ń rí lọ́rùn èèyàn. Àmọ́ kì í ṣe pé gbogbo ìgbà ló ń wá ìjà o. Nígbà tá a gbòmìnira ní 1960 ó ṣe eré kan tó pè ní Song of Unity, tayọ̀tayọ̀ ló ṣe é. Mo sọ èyí torí pé àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tó bá ti ń kọrin báyìí, alátakò ni látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ògúndé ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú ló ń kọ, tó bá dùn á kọ ọ́ bó ṣe dùn, tó bá korò náà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí eré Ògúndé ṣe máa ń lọ, torí ibẹ̀ gan-an ni agbára orin yẹn wà. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní "opening glee" ló máa ń ṣáájú. Kọ́tìnnì á ṣí, àwọn obìnrin á tò jáde nínú aṣọ kan náà, ẹsẹ̀ wọn á máa lọ bákan náà, saxophone àti ìlù á ti wà lábẹ́ ẹ̀, Ògúndé fúnra ẹ̀ á bọ́ síwájú á máa dá orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Orin yìí kì í sábà jẹ́ ara ìtàn tí wọ́n fẹ́ ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ibẹ̀ ló ti máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn, ibẹ̀ ló ti máa ń kì wá nílọ̀, tójú ẹ̀ kọ ojú wa, kì í ṣe pé ó ń ṣe bí ọba tàbí bí olè nínú eré, òun Ògúndé gan-an ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí eré bá parí, glee míì ni wọ́n á fi tú ká. Ìtàn eré lè gùn títí kéèyàn gbàgbé ìdajì ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, àmọ́ orin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹnu lẹ máa fi gbé e délé, ìyàwó tó wà nílé tí kò bá yín lọ á gbọ́ ọ, àwọn ọmọ á gbọ́ ọ, wọ́n á gbé e lọ síléèwé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1964, àwọn tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, torí pé ọ̀dọ̀ Awólọ́wọ̀ ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà wà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tuntun yìí ló máa kó gbogbo ọmọ Yorùbá jọ sábẹ́ òrùlé kan. Wọ́n wá ní kí Ògúndé gbé eré wá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, kì í ṣe pé Ògúndé lọ dúró sẹ́nu géètì wọn tó ń pariwo, àwọn ni wọ́n pè é. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ ò ṣòro láti mọ̀, kò sẹ́ni tó lè kó èrò jọ bíi tiẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá nígbà yẹn, tó bá ti lè fi orin gbé ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan yẹn kalẹ̀ fún wọn, ẹgbẹ́ wọn ti délé gbogbo èèyàn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan náà ló sì gbé wá. Nínú eré yẹn, tóun náà ń jẹ́ Yorùbá Ronú bí orin ẹ̀, ọba kan wà tó ń jẹ́ Fìwàjoyè. Igbákejì ẹ̀ lọ bá ọba ìlú míì dìtẹ̀, wọ́n mú ọba, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, igbákejì gorí àga. Àwọn ará ìlú wá bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà lábẹ́ ẹ̀, títí wọ́n fi dìde fúnra wọn. Ẹ wo ọdún tá à ń sọ yìí o. Ẹnì kan wà lẹ́wọ̀n lóòótọ́, igbákejì ẹ̀ wà lórí àga lóòótọ́, gbogbo ayé sì mọ àwọn tó gbé e débẹ̀ látòkèèrè. Ògúndé ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan nínú gbọ̀ngàn tí ìtàn yẹn máa ṣókùnkùn sí.

Síbẹ̀, tó bá jẹ́ ìtàn yẹn nìkan ni, mo lérò pé ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tètè rọlẹ̀. Orin yẹn ni kò jẹ́ kó rọlẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ ọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i, tẹ́ ẹ bá ní i. Kò bú Akíntọ́lá. Kò yin Awólọ́wọ̀. Kò ní kí ẹnikẹ́ni dìbò fún ọ̀pẹ tàbí fún àkùkọ tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ NCNC. Yorùbá ló ń bá sọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀, ó ń sọ bí ilé tó tóbi tẹ́lẹ̀ ṣe wá túká, bí àwọn ọmọ bàbá kan ṣe ń torí owó àti ipò jìn ara wọn lẹ́sẹ̀, ó ní Yorùbá ti sọra wọn di bọ́ọ̀lù tí aráyé ń gbá. Ohùn tó fi kọ ọ́ kì í ṣe ohùn ìjà, ohùn ẹni tí nǹkan ń dùn ni, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé òkú ló ń sun.

Ibi tí mo gbà pé ọgbọ́n ẹ̀ wà nìyẹn. Orin tó bá bú prẹ́míà, àwọn tó fẹ́ràn prẹ́míà á ní irọ́ ni, àwọn tí ò fẹ́ràn ẹ̀ á pàtẹ́wọ́, ó parí síbẹ̀, oníkálukú á padà sílé pẹ̀lú ohun tó ti gbàgbọ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ orin tó bá ní "Yorùbá", ta ló fẹ́ ní òun ò sí níbẹ̀? Ọlọ́pẹ gbọ́ ọ, ó gbọ́ tiẹ̀ nínú ẹ̀. Àwọn èèyàn Akíntọ́lá gbọ́ ọ, wọ́n gbọ́ tiwọn. Ìyá tó ń tajà tí ò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe náà gbọ́ ọ, ó rántí àbúrò ọkọ ẹ̀ tí wọn ò kí ara wọn mọ́ látọdún tó kọjá. Ìgbà tí ìjọba wá bínú tán ni wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gan-an ni wọ́n ń bá wí. Kí òfin yẹn tó jáde, èèyàn ṣì lè jiyàn nípa ẹni tí igbákejì inú eré jẹ́. Lẹ́yìn tó jáde, kí lẹ tún fẹ́ jiyàn lé lórí?

Ohun tó tún máa ń ká mi lára nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Akíntọ́lá fúnra ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ Yorùbá sọ jù láyé ìgbà yẹn ni. Àwọn tó gbọ́ ọ níbi ìpolongo ìbò ṣì ń sọ ọ́ dòní, bó ṣe máa ń fi òwe àti ẹ̀fẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ tí gbogbo pápá á máa rẹ́rìn-ín, tí ọ̀tá ẹ̀ gan-an ò ní lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Òyìnbó tó dá eré Ògúndé dúró ní Jos, a lè ní kò gbọ́ èdè. Eléyìí gbọ́. Ó gbọ́ ọ yékéyéké, ó mọ ohun tí irú orin bẹ́ẹ̀ lè ṣe láàárín Yorùbá, torí ohun èlò kan náà lòun náà fi ń ṣiṣẹ́.

Oṣù kẹta 1964 ni òfin yẹn dé. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí lójú ọ̀nà, torí lórí ìwé ó lè dà bí nǹkan kékeré. Western Region ọjọ́un ò mọ sí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ọ̀yọ́, Òṣogbo, Iléṣà, Ifẹ̀, Àkúrẹ́, Oǹdó, Adó-Èkìtì, gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Mushin wà níbẹ̀. Agége wà níbẹ̀, Ìkẹjà náà. Àwọn ibi tá à ń pè l'Ékòó lónìí, Western Region ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ nígbà yẹn, Èkó tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ò ju erékùṣù yẹn àti Ẹ̀búté Mẹ́ta, Yábàá, Surulere, Àpápá àti agbègbè wọn lọ. Èèyàn lè wo eré Ògúndé ní Yábàá kó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé ẹ̀ ní Mushin, ibi tó sọ̀kalẹ̀ sí yẹn, tí Ògúndé bá gbé eré kan náà débẹ̀, ó ti rúfin. Ọ̀sọsà tí wọ́n bí i sí, tí ìdílé ẹ̀ wà, kò lè ṣeré níbẹ̀.

Ẹ sì mọ bí irú ẹgbẹ́ òṣèré bẹ́ẹ̀ ṣe ń jẹun. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ ìjọba, wọn ò ní ilé eré tiwọn tí èrò á máa wá bá wọn. Wọ́n á kó sínú lọ́rì pẹ̀lú aṣọ, ìlù àti gbogbo ẹrù, wọ́n á dé ìlú kan lónìí, wọ́n á lẹ pósítà, wọ́n á ṣeré lálẹ́, owó géètì ni wọ́n á fi jẹun tí wọ́n á fi ra pẹtírólù dé ìlú tó kàn. Èdè Yorùbá sì ni eré yẹn. Tẹ́ ẹ bá gba gbogbo ìlú Yorùbá tó wà láàárín Ìkẹjà sí Èkìtì lọ́wọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ lẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyá àti ọmọ ló wà nínú lọ́rì yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tó ń jó lórí pèpéle, ìyàwó Ògúndé ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn wà pẹ̀lú wọn. Torí náà tí wọ́n bá ní "ìjọba fòfin de eré kan", ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kún tó. Agboolé kan ni wọ́n fòfin dè.

Ohun tí Ògúndé wá ṣe nìyí: kò lọ bẹ̀ wọ́n. Ní 1964 yẹn náà ló tún gbé eré míì jáde, Òtítọ́ Korò ló pè é, lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú Western Region náà ni. Ẹni tí wọ́n ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀, tó tún padà wá sọ ohun tó kọ́kọ́ sọ. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí lára àwọn tó bá kà á, tèmi ni pé ọkàn mi máa ń wú tí mo bá dé ibẹ̀ nínú ìtàn ẹ̀. Àwọn ibi tí òfin yẹn ò dé ló ń gbé eré lọ, Èkó wà níbẹ̀, ìlú Yorùbá bí Ìlọrin àti Ọ̀fà sì wà lábẹ́ Northern Region, ìjọba Ìbàdàn ò láṣẹ lórí wọn.

Orin yẹn fúnra ẹ̀ wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Èyí ni ìjọba ò rí ṣe nǹkan kan sí. Lọ́rì òṣèré, pọ́lísì lè dá a dúró lójú títì, wọ́n lè ti gbọ̀ngàn pa, àmọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí ọkùnrin kan rà l'Ékòó tó kó sáàárín aṣọ ẹ̀ tó fi gbé e lọ sílé, ta ló fẹ́ tú àpò gbogbo ẹni tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú? Ẹnì kan tó ní gramophone ládùúgbò, gbogbo àdúgbò ló ní i. Ibi tí ọ̀rọ̀ orin ti yàtọ̀ sí ti eré nìyẹn, eré nílò ogún èèyàn àti pèpéle, orin ò nílò ju ẹnu lọ.

Àmọ́ mi ò fẹ́ parọ́ fẹ́nikẹ́ni pé orin yẹn tún nǹkan ṣe. Kò tún un ṣe. Oṣù kẹta tí wọ́n fòfin dè é náà ni Akíntọ́lá àtàwọn èèyàn ẹ̀ dá NNDP sílẹ̀, tí a mọ̀ sí Dẹ́mọ̀. Ìbò àpapọ̀ ìparí 1964 dàrú. Ìbò Western Region tó wáyé ní October 11, 1965 wá burú kọjá ohun tẹ́nì kan lè fara mọ́, wọ́n ń kéde ẹni tó wọlé yàtọ̀ sí ẹni táwọn èèyàn mọ̀ pé àwọn dìbò fún, bó ṣe di pé iná sọ nìyẹn. Wẹtiẹ. Wọ́n á da pẹtírólù sára ilé, sára mọ́tò, sára èèyàn ẹlẹ́mìí, wọ́n á ṣáná sí i. Ọmọ Yorùbá sí ọmọ Yorùbá, ohun tí orin yẹn sọ gan-an, ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé irú orin báyìí ló ń gbé iná wọ̀lú, pé tí olórin bá dákẹ́ ìlú á tòrò. Ọ̀rọ̀ Ògúndé yìí jẹ́ kí n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú un dákẹ́ ní Western Region, fún bí ọdún méjì gbáko ni wọn ò jẹ́ kó gbé pèpéle kalẹ̀ níbẹ̀, àárín ọdún méjì yẹn gan-an sì ni iná ran. Ìbò tí wọ́n jí ló fà á. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n rán èèyàn lọ ló fà á, àti ìjọba táwọn èèyàn ò yàn tó wà lórí wọn. Ẹni tó gbọ́ pé ìlú fẹ́ gbiná tó sì kígbe, òun kọ́ ló ṣáná sí i. Ohun tí mo rò pé àdánù yẹn jẹ́ ni pé ibi tí ọlọ́pẹ àti Dẹ́mọ̀ ì bá ti jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà, kí wọ́n jọ gbọ́ ìbáwí kan náà lẹ́nu ẹni tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn, ìjọba tì í pa. Irú ibẹ̀ ò pọ̀ mọ́ nígbà tó fi máa di 1965.

Sójà gbàjọba ní January 15, 1966. Wọ́n pa Akíntọ́lá n'Ìbàdàn lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n fi Adékúnlé Fájuyì ṣe gómìnà ológun Western Region, kò sì tó oṣù kan tó débẹ̀ tó fi tú òfin yẹn ká, oṣù kejì ọdún yẹn ni, Ògúndé lè padà wọ ìlú tó bá wù ú. Sójà ló tú u sílẹ̀, ìjọba alágbádá ló dè é. Mi ò sọ ìyẹn láti yin sójà o, àwa tá a mọ ohun tójú Fela rí lọ́wọ́ wọn ò lè yìn wọ́n lórí ọ̀rọ̀ orin. Mo sọ ọ́ torí pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di July ọdún yẹn kan náà wọ́n pa Fájuyì pẹ̀lú Ironsi, olórí ìjọba ológun, tó jẹ́ àlejò ẹ̀ n'Ìbàdàn.

Ògúndé ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà ogun abẹ́lé ó ṣe eré kan tó pè ní Keep Nigeria One ní 1968, nígbà tí wọ́n pa Múrítàlá ní 1976 ó ṣe eré lórí ẹ̀, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí fíìmù, Ayé àti Jáíyésinmi, àwọn tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ayé àwa mọ̀ ọ́n sí. Ìjọba àpapọ̀ fúnra ẹ̀ ló wá pè é nígbà tó yá pé kó wá kó ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè jọ. 1990 ló kú.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ, torí ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Ní October 2020, nígbà táwọn ọ̀dọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí SARS, wọ́n gbé orin Davido kan, Fem, wọ́n sọ ọ́ di orin ìjà, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọ̀rọ̀ ìjọba kọ́ ni Davido ń kọ níbẹ̀. Ìyẹn ò burú, èrò ló máa ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi orin ṣe, ó ti wà bẹ́ẹ̀ látayébáyé. Àmọ́ nígbà ìbò 2023 l'Ékòó, àwọn kan mú gbólóhùn Ògúndé yìí, wọ́n ń fi lé àwọn ẹ̀yà míì kúrò níbi tí wọ́n ti fẹ́ dìbò, wọ́n ń pariwo "Yorùbá ronú" bíi pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé ká gbógun ti Ìgbò. Ìyẹn ni mi ò lè gbà. Kò sí ẹ̀yà kankan tó bú nínú orin yẹn. Nígbà tó ń kọ ọ́, Yorùbá ló wà lẹ́wọ̀n, Yorùbá ló wà lórí àga, Yorùbá ló ń ṣe Yorùbá, àwa ló ń bá wí, nítorí àwa tó bá wí sì ni wọ́n ṣe gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀ títí di 1966. Ẹni tó bá fẹ́ fi orin lé aládùúgbò ẹ̀ nídìí àpótí ìbò, kó lọ kọ tiẹ̀, kó fi ti Ògúndé sílẹ̀.